Lẹ́yìn Tí Abẹ Bá Ti Kúrò Lára

Mo júbà Oǹdó, ìlú tí ìtàn sọ pé obìnrin ni Púpùpú tí ó kọ́kọ́ jọba lé e lórí, ìlú tí Ọba Lóbùn, tí òun náà jẹ́ obìnrin, ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé Òṣemàwé tí í ṣe ọba ìlú náà gorí ìtẹ́ títí di òní. Kí ìbà mi ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ abẹ kì í parí ní ọjọ́ tí a bá ṣe é. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí a bá ti rán ojú ọgbẹ́ títí di ìgbà tí aláìsàn yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ ọ̀tọ̀, tí ó yẹ kí a máa béèrè, kí a máa kà, kí a sì máa kọ sílẹ̀. Bí a bá sì ti ń béèrè, kò yẹ kí a fo ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí abẹ kàn, ìbáà ṣe ìyá ìkókó tí gbogbo ẹbí ń bá yọ̀, ìbáà ṣe ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ kí a mẹ́nu kan irú rẹ̀ láwùjọ. Àwọn tí mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ èyí ni àwọn ọkùnrin tí a bí ní obìnrin, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ọkùnrin tránsjẹ́ńdà. Mo mọ̀ pé ìró orúkọ náà yóò ṣe àjèjì létí àwọn kan níhìn-ín, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ fọkàn balẹ̀ bá mi lọ, nítorí n óò fi hàn yín pé ìwádìí tí a ṣe lára àwọn ìyá wa nílẹ̀ yìí ti di ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ẹni náà, àti pé ohun tí a bá rí kọ́ lára tiwọn kò ní ṣaláì wúlò fún wa.

Ẹ̀rù abẹ kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Aboyún a máa kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa gbàdúrà pé kí òun bí wẹ́rẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù, ìyá ọkọ rẹ̀ a máa ṣe àmín tẹ̀lé e. Bí dókítà bá wá dárúkọ iṣẹ́ abẹ, ilé á dàrú, a ó sá pe pásítọ̀ tàbí ààfáà, a ó pe àbúrò bàbá tí ó wà ní Èkó, kí a tó lè fọwọ́ sí ìwé. N kò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín nítorí èyí, ẹ̀rù náà ní ìdí. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé tábìlì abẹ ni a gbé gbogbo ẹ̀rù wa lé, nígbà tí ó jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti dúpẹ́ tán, ni ewu gbé lúgọ sí. Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn tí a ń pè ní Lancet tẹ àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde, tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn 247 ní orílẹ̀-èdè 25 ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn, para pọ̀ ṣe. Ọjọ́ méje péré ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi gba orúkọ àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, síbẹ̀ aláìsàn 11,422 ni wọ́n kó jọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú márùn-ún tí ìṣòro bá lẹ́yìn abẹ, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú ìṣòro náà ni kí kòkòrò wọnú ara. Àwọn 239 ni ó kú. Nínú 239 yìí, àwọn 225 ni ọjọ́ abẹ kọjá lórí wọn láàyè, tí ó jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni wọ́n kú. Ẹ má sì ṣe rò pé arúgbó ni wọ́n: ọjọ́ orí àwọn aláìsàn náà, bí a bá pín in dọ́gba, kò pé ogójì ọdún, ìdámẹ́ta iṣẹ́ abẹ náà sì jẹ́ ti ìbímọ. Ara wọn le ju ti àwọn tí à ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún lókè òkun lọ, ikú tí ó pa wọ́n sì tó ìlọ́po méjì ti àgbáyé.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa kò káwọ́ gbera lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 2010 ni a ṣí Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ní Òkè Àró ní Àkúrẹ́, níbi tí aboyún ti ń bímọ, tí a sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí ó bá yẹ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ní ojú Ọ̀nà Làjé ní Oǹdó níhìn-ín ni ilé ìwòsàn àwọn tí jàǹbá ṣe wà, ibẹ̀ náà sì ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tí Olusegun Mimiko dá sílẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ gómìnà fìdí sọlẹ̀ sí, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ kan sí Àkúrẹ́, tí ó fi èkejì sí Oǹdó. Ilé wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ ìgbà náà kì í ṣe ilé rárá. Òfin kan ni, tí ìpínlẹ̀ yìí ṣe ní 2010, pé kí a máa wádìí ikú aboyún kọ̀ọ̀kan, láìdárúkọ ẹni tí ó kú, láìsì wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Bí nọ́ọ̀sì bá mọ̀ pé a ó fi ọ̀rọ̀ tí òun bá sọ lé òun lẹ́nu iṣẹ́, yóò dákẹ́. Bí ẹbí bá mọ̀ pé a ó gbé orúkọ òkú wọn jáde fáyé gbọ́, wọn yóò parọ́. Nígbà tí a bá sì mú ẹ̀bi àti ìtìjú kúrò nílẹ̀, òótọ́ á jáde, a ó sì mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ni kò sí, bóyá ọkọ̀ ni kò tètè dé, bóyá ẹni tí ó yẹ kí ó wà ní wọ́ọ̀dù lóru ni kò sí níbẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń bi ní láti rí i pé ìdáhùn rẹ̀ kò ní pa òun lára.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá abẹ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọkùnrin kan dùbúlẹ̀, ìfun rẹ̀ ti lu, ọyún ti kún inú rẹ̀. Dókítà la ikùn náà, ó fọ̀ ọ́, ó dí ihò tí ó wà lára ìfun, ó wá kù kí ó rán ikùn pa. Ibọ̀wọ́ tí ó ti wọ inú ọyún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, irin tí ó fi di ìfun mú ṣì wà lórí àwo, òun náà ni yóò sì fi di awọ mú. Àwọn kan béèrè ìbéèrè tí ọmọdé lè béèrè: bí gbogbo wa bá bọ́ ibọ̀wọ́ yìí sọnù kí a tó rán ikùn, tí nọ́ọ̀sì sì tú àwo irin mìíràn tí a ti sè, tí a dì pa mọ́ fún ìgbà yìí nìkan, ǹjẹ́ ojú ọgbẹ́ kò ní tètè jinná? Láti mọ̀ ọ́n, wọ́n pín ilé ìwòsàn 81 sọ́nà méjì ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà, Benin àti Gánà sì wà lára wọn. Apá kan ń ṣe bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, apá kejì ń pààrọ̀ ibọ̀wọ́ àti irin. Aláìsàn 13,301 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, a sì ṣọ́ wọn fún ọgbọ̀n ọjọ́. Níbi tí wọn kò ti pààrọ̀, nǹkan bí 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni ojú ọgbẹ́ wọn kẹ̀. Níbi tí wọ́n ti pààrọ̀, ó di 16. Ọdún 2022 ni èsì náà jáde, orúkọ tí wọ́n sì fún ìwádìí náà ni ChEETAh. Ẹni tí kò tíì tọ́jú aláìsàn rí lè wò ó pé mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ bi ìyàwó tí ń ra òwú àti bándéèjì lójoojúmọ́, tí ń ra abẹ́rẹ́ apakòkòrò tí a kò kọ sínú owó tí wọ́n sọ fún un tẹ́lẹ̀, tí ọjà rẹ̀ sì ti wà ní títì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò sọ bí mẹ́ta náà ti wúwo tó.

Ìwádìí mìíràn tí wọ́n pè ní FALCON ti ṣáájú rẹ̀ ní 2021, lára aláìsàn 5,788. Èyí béèrè bóyá òògùn ìnura olówó gọbọi tí a fi ọtí líle pò sàn ju áyódíìnì tí gbogbo wa mọ̀ lọ, àti bóyá fọ́nrán tí a fi ń rán ojú abẹ, tí a fi apakòkòrò pa lára, sàn ju èyí tí a kò pa ohunkóhun lára rẹ̀. Kò sàn jù ú lọ. Inú mi dùn sí ìdáhùn yìí ju bí mo ti lè sọ lọ, nítorí ìwádìí tí ó bá gba tálákà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó tí kò lérè ti ṣe ìwòsàn tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìdìde náà ńkọ́? Láti ìgbà pípẹ́ ni a ti ń sọ fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ pé omi kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ láti ọ̀gànjọ́ òru, bí a kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ojú rẹ̀ á jìn. Lẹ́yìn abẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó dúró tì í yóò tún máa sọ pé, «Máà mira o, kí ojú ọgbẹ́ rẹ má baà tú.» Ìfẹ́ ni ó ń mú un sọ bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni oníṣẹ́ abẹ ará Denmark kan, Henrik Kehlet, ti ń yẹ gbogbo àṣà wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí òun àti àwọn mìíràn sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni ó ń fa ìwòsàn sẹ́yìn: pé omi tí ó mọ́ gaara kò pa ènìyàn lára títí di wákàtí méjì ṣáájú abẹ, pé kí a tètè jẹun, kí a tètè dìde rìn, kí a sì tètè yọ rọ́bà ìtọ̀, ni ara fi ń yá. Ara kì í ṣe òkúta. Ó fẹ́ kí a lò ó. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi èyí sọ ẹ̀gbọ́n yẹn di ọ̀tá nọ́ọ̀sì. Òun ni yóò gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, òun ni yóò fi apá gbé arákùnrin rẹ̀ dìde, wọ́ọ̀dù wa kò sì lè dúró láìsí irú rẹ̀. Kí a kọ́ ọ ni ó yẹ.

Mo wá dé ibi tí mo ń lọ, ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tránsjẹ́ńdà. Ní ọdún 1915 ni a bí ọmọ kan ní ìlú London, tí a sọ lórúkọ obìnrin, tí ó sì mọ̀ láti kékeré pé òun kì í ṣe obìnrin. Michael Dillon ni orúkọ tí ó fún ara rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní ìlú Bristol, oníṣẹ́ abẹ kan gé ọyàn rẹ̀ kúrò. Láàárín 1946 sí 1949 ni Harold Gillies, ògbóǹtarìgì tí ó ti tún ojú ọ̀pọ̀ sójà tí ìbọn fọ́ ṣe, wá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn Rooksdown House, ó kéré tán ní ìgbà mẹ́tàlá, kí ó tó fún un ní ara ọkùnrin. Ẹ fi ojú inú wo bí iṣẹ́ náà ti rí. Gillies a máa gé awọ ní apá méjì, a máa ká a bí ẹní, a máa rán an di ọ̀pá kékeré tí orí àti ìdí rẹ̀ ṣì so mọ́ ara kí ẹ̀jẹ̀ má baà gé níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ó bá ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ dáadáa, a máa ja orí kan, a máa gbé e lọ lẹ̀ mọ́ ibòmíràn, a sì tún máa dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni Dillon ní ìlú Dublin ní gbogbo àsìkò yìí, ìgbà ìsinmi ni ó sì ń lọ dùbúlẹ̀ fún abẹ. Ó gba oyè dókítà ní 1951, ó di dókítà inú ọkọ̀ òkun, ìwé ìròyìn tú àṣírí rẹ̀ ní 1958, ó sá lọ sí Íńdíà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1962. Gillies pa iṣẹ́ abẹ náà mọ́ láṣìírí. Àṣírí náà dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n ó lè ti jẹ́ kí ó ṣòro fún oníṣègùn mìíràn láti rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú bí mẹ́tàlá náà ṣe jinná, èyí tí ó yá, èyí tí ó kẹ̀, ìrora tí ó pẹ́ jù. Ìdí nìyí tí mo fi ń yin òfin wa ti 2010, nítorí ó fi hàn pé a lè pa orúkọ mọ́ láìpa ẹ̀kọ́ mọ́.

Lóde òní, ìbéèrè tí a kò béèrè nígbà náà ni àwọn dókítà ń béèrè ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù. Ní ti abẹ àyà, èyí tí a fi ń gé ọyàn ọkùnrin tránsjẹ́ńdà kúrò, ohun tí ó máa ń yọ àwọn tí a ṣe é fún lẹ́nu jù ní kété lẹ́yìn abẹ ni kí ẹ̀jẹ̀ kó jọ sábẹ́ awọ. Ibẹ̀ á wú, á le, nígbà mìíràn a ní láti dá ẹni náà padà sí yàrá abẹ lóru ọjọ́ náà. Wọ́n ti wádìí bóyá rọ́bà tí ń fa omi ọgbẹ́ jáde pọn dandan, àwọn kan sì ti rí i pé bí a bá rán awọ mọ́ ẹran tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, a lè ṣe é láìsí rọ́bà náà. Wọ́n ti wádìí bóyá ó yẹ kí ẹni náà dáwọ́ họ́mónù testosterone dúró ṣáájú abẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pàṣẹ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tí ó jáde láìpẹ́ yìí lórí abẹ àyà kò rí i pé bí wọ́n bá ń lò ó lọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà jù. Wọ́n sì ń lo òògùn kan tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tranexamic acid, kí ẹ̀jẹ̀ má baà kó jọ.

Òògùn yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Tọkọtaya Okamoto ní ilẹ̀ Japan ni ó gbé e jáde ní 1962, nítorí ó dun Ìyáàfin Utako Okamoto pé ẹ̀jẹ̀ ń pa àwọn abiyamọ. Ó pẹ́ kí a tó dán an wò dáadáa fún iṣẹ́ tí ó tìtorí rẹ̀ wá a. Ìgbà tí a dán an wò, obìnrin 20,060 ni ó kópa ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà ni obìnrin rẹ̀ sì pọ̀ jù lọ nínú wọn. Èsì náà jáde ní 2017: àwọn tí a fún ní òògùn náà láàárín wákàtí mẹ́ta tí wọ́n bímọ, ikú ẹ̀jẹ̀ láàárín wọn dín kù ní nǹkan bí ìdámẹ́ta. Àwọn ìyá wa ni ó gbà kí a ká àwọn mọ́ ìwádìí náà, ní wákàtí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn tàbí tí ẹbí wọn ń gbà fún wọn, òògùn kan náà sì ni ó ń ṣàn lónìí nínú iṣan apá ọkùnrin kan tí a ń ṣe àyà rẹ̀ lókè òkun.

Kò parí síbẹ̀. Abẹ tí a fi ń dá nǹkan ọkùnrin fún ẹni tí kò ní in a máa fa ìṣòro ojú ìtọ̀: ihò a lu níbi tí kò yẹ, ìtọ̀ á máa jò. Ta ni ó mọ ìtọ̀ tí ń jò ju obìnrin tí ọmọ há sí lójú ara fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ihò sì ti ibẹ̀ lu, lọ? Ní 2015 ni a tẹ ìwádìí kan jáde tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú, lára obìnrin 524 tí a ti dí irú ihò bẹ́ẹ̀ fún, láti mọ̀ bóyá ọjọ́ méje tó fún rọ́bà ìtọ̀ láti wà lára, tàbí ó ní láti jẹ́ mẹ́rìnlá gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe. Ọjọ́ méje tó. Èyí túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan tí obìnrin náà kò ní fi rọ́bà dùbúlẹ̀, tí bẹ́ẹ̀dì yóò sì ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà béèrè ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí àwọn tí ń tọ́jú ọkùnrin tránsjẹ́ńdà kọ́, kí wọ́n má ṣe máa fi ọjọ́ lé ọjọ́ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá wọn ń ṣe.

Ẹnì kan lè dìde bi mí pé kí ni ó kan Oǹdó nínú èyí, níwọ̀n bí a kò ti ń ṣe irú abẹ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ó kàn wá, nítorí ọmọ wa ni ó wà káàkiri ayé, ẹni tí ó bá sì ṣe abẹ lókè òkun, bí ó bá wá kí ìyá rẹ̀ ní Àkúrẹ́ tí ojú ọgbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ilé ìwòsàn tí ó bá sún mọ́ ọn ni yóò gbé e lọ. Bí ó bá rí i pé wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín ní ẹnu ọ̀nà, yóò padà sílé, kòkòrò kò sì ní dúró de ẹni tí ń tijú. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà kí ó tó wọ wọ́ọ̀dù. Mo ní kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó wo ojú ọgbẹ́, kí ó sì pa ẹnu mọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti búra. Ó tún kàn wá nítorí awọ ara wa. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, lára ènìyàn dúdú sì ni àpá ti máa ń wú jù, àyà sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí ó ti ń wú bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ bí a ti ń tọ́jú irú àpá yìí wà lọ́wọ́ àwọn dókítà tí ń rí i lójoojúmọ́, àwọn dókítà wa, ó sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọmọ Yorùbá tí a ṣe abẹ àyà fún ní ìlú ẹni ẹlẹ́ni lè jàǹfààní rẹ̀.

Kí a tó lọ, mo ní láti sọ òótọ́ kan tí kò dùn. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí ti 2018 tún ṣe òmíràn, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021: wọ́n ya àwọn tí ewu wọn pọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ní kí a máa ṣọ́ wọn lójú méjèèjì lẹ́yìn abẹ. Ikú kò dín kù. Mo gbà pé nọ́ọ̀sì tí ó bá rí i pé ẹ̀mí aláìsàn ń já, tí kò rí ẹ̀jẹ̀ fà fún un, tí kò rí dókítà pè, ojú lásán ni ó fi ṣọ́ ọ. Nítorí náà n kò dábàá ojú nìkan. Mo dábàá pé kí ilé ìwòsàn ìkọ́ni wa, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ṣí ìwé kan fún gbogbo ẹni tí abẹ bá kàn, kí nọ́ọ̀sì kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pe ẹni náà lórí fóònù ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn abẹ, bí àwọn olùwádìí FALCON ti ṣe: ǹjẹ́ ojú ọgbẹ́ ń jò, ǹjẹ́ ibà ń ṣe é, ṣé ó ti ń jẹun, ṣé ó ti padà sọ́jà, èló ni ó ti ná lẹ́yìn tí ó kúrò lọ́dọ̀ wa, kí sì ni ohun tí ó dùn ún tí a kò bi í. Nọ́ńbà ni kí a fi sínú ìwé tí a ó fi ṣe ìwádìí, kí orúkọ wà nínú àpótí mìíràn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹni tí ó ní ìdí láti pa ara rẹ̀ mọ́ lè dáhùn láìbẹ̀rù. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó ṣe abẹ ìbímọ ní Òkè Àró àti àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ gbé wá sí Ọ̀nà Làjé, nítorí àwọn ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí ó jókòó síwájú mi yìí sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbé fóònù náà.